Kẹ́ ẹ tó fi ilé ṣe shortlet ní Texas: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ ẹni tó láṣẹ lórí àdírẹ́ẹ̀sì yín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìbéèrè tí mò ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Houston àti agbègbè ẹ̀ ni "ṣé Airbnb bófin mu níbí?", ìyẹn ni pé ṣé èèyàn lè fi ilé ṣe shortlet, kó máa gba àlejò ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ tó ń sanwó. Mo bẹ̀ yín, ẹ gbé ìbéèrè yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Ilé méjì lè wà tí wọn ò jìnnà síra rárá, kí òfin tó de ọ̀kan má de ìkejì, onílé ti ibí á máa gba àlejò alẹ́ méjì méjì láìsí wàhálà, wọ́n á sì máa wọ́ ti ọ̀hún lọ sí kóòtù. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ máa bèèrè ni pé ta ló láṣẹ lórí àdírẹ́ẹ̀sì yìí gan-an, kí ló sì sọ? Kẹ́ ẹ sì ti mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé o, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ra bẹ́ẹ̀dì àti tẹlifíṣọ̀n sínú ilé tán.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Àwọn kan wà lórí Instagram tó ń ta kíláàsì fáwọn èèyàn wa, wọ́n á ní kéèyàn ra ilé tàbí kó lọ rẹ́ǹtì ilé onílé, kó wá máa fún àlejò, owó á máa wọlé nígbà téèyàn bá ń sùn. Wọ́n á fi screenshot owó hàn yín, wọn ò ní fi ìwé òfin ìlú hàn yín láéláé. Ẹni tó wá kó owó àjọ àti owó night shift ọdún mélòó kan sínú ẹ̀ ló máa rí lẹ́tà gbà, kì í ṣe ẹni tó ta kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí agbára ṣe pín. Ní Amẹ́ríkà, stéètì ló ni agbára láti sọ ohun téèyàn lè fi ilẹ̀ ṣe, òun ló wá gbé e fún sítì pé kí wọ́n pín ìlú sí agbègbè agbègbè, ibí fún ilé gbígbé, ibí fún ṣọ́ọ̀bù, ibí fún fáktìrì, ìyẹn ni zoning. Kóòtù tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà fọwọ́ sí i ní 1926 nínú ẹjọ́ ìlú Euclid ní Ohio, sítì sì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n ohun tí stéètì bá fún sítì, stéètì lè gbà á padà, ó sì lè gé e kù. Ibẹ̀ ni ìjà shortlet wà. Ará àdúgbò tí ariwo ò jẹ́ kó sùn á lọ bá council sítì ẹ̀, onílé àti iléeṣẹ́ ńlá á gba ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin stéètì lọ.

Stéètì kọ̀ọ̀kan ló sì ní bó ṣe parí ẹ̀. Ní Florida, wọ́n gbà á lọ́wọ́ sítì ní 2011, wọ́n ní kò sí ìlú tó lè fòfin de shortlet mọ́, àfi ìlú tó ti ṣe òfin tiẹ̀ sílẹ̀ títí di June 1, 2011. Ní 2014 wọ́n dá díẹ̀ padà, pé ìlú lè ṣètò ariwo àti páàkì àti ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n kò lè dè é pátápátá, kò sì lè sọ pé ọjọ́ báyìí ni àlejò gbọ́dọ̀ lò. Ní 2024 àbádòfin míì tún dé iwájú Gómìnà Ron DeSantis, kò fọwọ́ sí i. Torí náà ẹni tó bá ní àbúrò tó fẹ́ ra ilé ní Florida, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ọdún wo ni ìlú yìí ṣe òfin ẹ̀? Arizona náà gba agbára lọ́wọ́ àwọn ìlú ní 2016, ìlú kékeré bíi Sedona wá kún fún ilé àlejò débi pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò rílé gbé, nígbà tó di 2022 stéètì gbà káwọn ìlú máa béèrè pámíìtì tí owó ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju $250 lọ. New York ló le jù: òfin stéètì fúnra ẹ̀ ló sọ pé nínú ilé tó ní àpátíméǹtì mẹ́ta sókè, èèyàn ò lè gba àlejò tí kò ní pé 30 ọjọ́ àfi tí onílé bá ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú wọn, sítì New York wá fi òfin tiẹ̀, Local Law 18, tì í lẹ́yìn láti September 2023, pé ẹni tí kò bá rẹ́jísítà, Airbnb ò gbọ́dọ̀ bá a gba owó rárá, àlejò ò sì gbọ́dọ̀ ju méjì lọ.

Texas wà láàárín. Ní 2017 àwọn kan gbé àbádòfin wá láti gba agbára lọ́wọ́ sítì bíi ti Florida, kò kọjá. Kò sí òfin stéètì kan tó sọ pé kí sítì má ṣe nǹkan kan, kò sì sí èyí tó sọ pé kí wọ́n ṣe bó ṣe wù wọ́n, ilé ẹjọ́ ló ń là á díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn téèyàn ò fi gbọ́dọ̀ gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó ń gbé ní Dallas sọ tó bá fẹ́ ra ilé ní Houston.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe ni kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ilé náà wà nínú sítì lóòótọ́. Ẹ má wo orúkọ ìlú tó wà lára àdírẹ́ẹ̀sì, ti póòsítì nìyẹn. Ilé tó ń jẹ́ "Katy, TX" pọ̀ lọ súà tí kò sí nínú ìlú Katy, tí kò sì sí nínú Houston, káúńtì nìkan ló wà lé e lórí. Ẹ lọ sí website Harris Central Appraisal District, ọ́fíìsì tó ń díye lé ilé fún táàsì, tí gbogbo ayé ń pè ní HCAD, ẹ tẹ nọ́ńbà ilé àti orúkọ títì náà sí i. Tó bá ṣí, ẹ máa rí ibi tí wọ́n to gbogbo àwọn tó ń gba táàsì lórí ilé náà sí lọ́kọ̀ọ̀kan, school district á wà níbẹ̀, Harris County á wà níbẹ̀, hospital district náà. Ẹ wá City of Houston nínú ẹ̀. Tó bá wà, òfin Houston mú yín. Tí kò bá sí ìlú kankan níbẹ̀, tó wá jẹ́ pé MUD (àjọ tó ń bójú tó omi àti ìdọ̀tí omi àdúgbò) ló jókòó síbẹ̀, ó ṣeé ṣe gan-an kí ilé náà wà níta sítì, ẹ wá pe sítì tó súnmọ́ ibẹ̀ jù kí wọ́n fìdí ẹ̀ múlẹ̀ fún yín. Àwọn tó wà ní apá Richmond àti Missouri City, káúńtì Fort Bend ní appraisal district tiẹ̀, ọ̀nà kan náà ni. Káúńtì ní Texas kì í sábà ní agbára zoning, torí ẹ̀ lẹni tó wà níta sítì ṣe máa ń yọ̀ pé òun ti bọ́, kò tíì bọ́ o, ẹ jẹ́ ká dé ibi deed restriction, ìyẹn àdéhùn tó so mọ́ ilẹ̀ àdúgbò.

Ká ní inú sítì lẹ wà. Houston ò ní zoning, aráàlú dìbò pé àwọn ò fẹ́ ní 1948, wọ́n tún kọ̀ ní 1962, wọ́n tún kọ̀ ní 1993. Torí náà kò sí pé àdúgbò yìí ò gba shortlet lábẹ́ zoning. Àmọ́ ní April 2025 council Houston ṣe òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026. Gbogbo ilé tẹ́ ẹ bá fẹ́ máa gbà wọlé fún ọjọ́ tí kò tó 30 gbọ́dọ̀ ní certificate tiẹ̀, $275 lọ́dún fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó ní ilé mẹ́ta á san án lọ́nà mẹ́ta. Ẹ gbọ́dọ̀ fún wọn ní orúkọ àti fóònù ẹnì kan tí wọ́n lè pè nígbàkígbà, tọ̀sán tòru. Ẹ gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ nípa fífi èèyàn ṣòwò (human trafficking), ẹ ò sì gbọ́dọ̀ polówó ilé náà bí ibi tí wọ́n ti ń ṣe pátì. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀, wọ́n lè gba certificate náà, wọ́n á sì sọ fún Airbnb tàbí Vrbo pé kí wọ́n yọ ilé yín kúrò. Ẹni tẹ́ ẹ bá fi nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Ìbàdàn o, kó jẹ́ ẹni tó lè gbé mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ilé náà ní aago méjì òru.

Dallas yàtọ̀ pátápátá. Ibẹ̀ ní zoning, ní June 2023 council wọn sọ pé shortlet ò gbọ́dọ̀ sí ní àdúgbò ilé ìdílé kan mọ́. Àwọn onílé gbé wọn lọ kóòtù, ní December ọdún yẹn adájọ́ ní kí sítì dúró ná, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí ìdádúró yẹn ní 2025. Ìdádúró ni o, wọn ò tíì dá ẹjọ́ náà parí. Ẹni tó bá ra ilé lórí ìdádúró, kó mọ̀ pé ewu lòun fọwọ́ ara òun fà. Ní Arlington, lẹ́bàá Dallas níbẹ̀, sítì fa ìlà yí agbègbè pápá ìṣeré ká, wọ́n ní inú ìlà yẹn àti àwọn ibi tí wọ́n ti gba àpátíméǹtì láyè nìkan ni shortlet lè wà, àwọn onílé pẹjọ́, ní 2021 kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ò dá wọn láre. Ní Austin ẹ̀wẹ̀, sítì fẹ́ pa shortlet tí onílé kì í gbé inú ẹ̀ rẹ́ láwọn àdúgbò ilé gbígbé, kóòtù fagi lé e ní 2019, wọ́n ní ẹni tó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹni téèyàn kàn lè já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí bí ìlú mẹ́ta nínú stéètì kan náà ṣe bọ́ sọ́nà mẹ́ta? Torí náà, ẹ pe ọ́fíìsì planning ti sítì yín, ẹ fún wọn ní àdírẹ́ẹ̀sì, ẹ bèèrè zoning ilé náà àti bóyá shortlet wà lára ohun tí wọ́n gbà láyè níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ìdáhùn ránṣẹ́ nínú ìméèlì. Ọ̀rọ̀ ẹnu orí fóònù ò ní bá yín dé kóòtù.

Wàyí o, deed restriction. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù, torí òun ló ń mú àwọn èèyàn wa jù, àwọn tó ń ta kíláàsì kì í sì í dárúkọ ẹ̀. Deed restriction ni àdéhùn tí ẹni tó kọ́kọ́ gé ilẹ̀ àdúgbò yẹn kọ sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé ilé náà lọ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá rà á, bóyá ẹni náà kà á tàbí kò kà á. Ó wà ní ọ́fíìsì county clerk, ẹ lè wá a lórí website wọn pẹ̀lú orúkọ subdivision yín, ìyẹn orúkọ tí wọ́n fún àdúgbò náà nígbà tí wọ́n gé ilẹ̀ ẹ̀, title company, iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ilé wò, náà á fún yín ní ẹ̀dà tiwọn tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ilé. Àwọn àdúgbò tó ti pẹ́, ìwé tí wọ́n fi táípù lù láyé 1960 tàbí 1970 ni, wọ́n wá ya fọ́tò ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ ti ń parẹ́, àwọn ibì kan dúdú. Ẹ má fojú fo ó. Ẹ fà á tóbi lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ wá ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ "use" àti ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ "lease".

Tó bá jẹ́ "residential purposes only" (fún ilé gbígbé nìkan) ni wọ́n kọ, tí wọn ò kọ nǹkan míì, ara lè tù yín díẹ̀. Ní 2018 kóòtù gíga jù Texas dá ẹjọ́ kan láàárín onílé kan ní San Antonio àti HOA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò, ti Timberwood Park, HOA ní àlejò ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe ilé gbígbé, pé òwò ni. Kóòtù ní rárá o, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé àwọn àlejò ń sùn, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń gbé inú ẹ̀ bí èèyàn ṣe ń gbélé, tí ìwé náà ò sì dárúkọ iye ọjọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kankan ò sí níbẹ̀. Ní 2022 wọ́n tún dá ọ̀kan tó jẹ́ ti Houston níbí gan-an, àwọn townhouse Wilcrest Walk: HOA fi rúùlù tuntun sọ pé rẹ́ǹtì ò gbọ́dọ̀ dín ní ọjọ́ méje, àmọ́ ìwé àdúgbò náà fúnra ẹ̀ ti fún onílé lẹ́tọ̀ọ́ láti rẹ́ǹtì jáde, kóòtù dá onílé láre.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i kà pé "no lease for less than 30 days", tàbí oṣù mẹ́fà, tàbí pé "no transient use" (kò gba àlejò tó kàn ń kọjá lọ), ó ti parí nìyẹn, ẹ wá ilé míì. Ẹ má sọ pé aládùúgbò yín ń ṣe é, wọn ò tíì mú un ni. Ẹ sì tún wò ó pé ìwé náà lè yí padà: lábẹ́ òfin Texas, tí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò àwọn onílé bá gbà bẹ́ẹ̀, HOA lè tún ìwé náà kọ, àfi tí ìwé náà fúnra ẹ̀ bá ní iye tó kéré sí ìyẹn ti tó. Torí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó ra ilé, ẹ béèrè resale certificate, ìwé tó ń sọ òfin àti gbèsè tó wà lórí ilé náà, lọ́wọ́ HOA, kẹ́ ẹ béèrè minutes, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn ti ọdún tó kọjá, kẹ́ ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá ti rí ibi tí ẹnì kan ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta sọ̀rọ̀ nípa "the Airbnb on the corner", ẹ ti mọ ibi tí ìbò ń lọ. Ní Houston pàápàá, torí pé kò sí zoning, sítì fúnra ẹ̀ lè gbé èèyàn lọ kóòtù lórí deed restriction. Ẹni tí kò ní HOA ò tíì bọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rẹ́ǹtì ilé onílé kẹ́ ẹ tún un rẹ́ǹtì, ti yín kúrú: òfin Texas sọ pé ayálégbé ò lè fi ilé fún ẹlòmíì láìjẹ́ pé láńdọ́ọ̀dù gbà. Ẹ gbà á ní kíkọ, pẹ̀lú gbólóhùn tó dárúkọ àlejò ọjọ́ díẹ̀, àìṣebẹ́ẹ̀ wọ́n á lé yín jáde, ilé míì á sì ṣòro fún yín láti rí gbà lẹ́yìn ẹ̀.

Táàsì ló kàn. Texas ka shortlet sí hòtẹ́ẹ̀lì tí àlejò ò bá pé 30 ọjọ́. Nínú Houston, stéètì ń gba ìdá 6, sítì ìdá 7, Harris County ìdá 2, Sports Authority (àjọ tó ń bójú tó pápá ìṣeré) ìdá 2, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí àlejò bá sùn alẹ́ mẹ́ta ní $150, tẹ́ ẹ tún gba $100 fún ìmọ́tótó, $550 nìyẹn, táàsì ẹ̀ jẹ́ $93.50, torí wọ́n ń ka owó ìmọ́tótó tó pọn dandan mọ́ ọn. Airbnb ń bá yín san ti stéètì, ẹ má rò pé ó ń san gbogbo ẹ̀. Ẹ ṣí ìròyìn owó yín lórí app, ẹ wo táàsì tí wọ́n yọ ní orúkọ ní orúkọ, èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ jẹ ẹ́, ẹ lọ rẹ́jísítà kẹ́ ẹ máa san án. Gbèsè táàsì Amẹ́ríkà kì í gbàgbé èèyàn.

Mọ́gééjì àti inṣọ́ránsì, ní kúkúrú: tó bá jẹ́ FHA, ìyẹn ẹ̀yáwó ilé tí ìjọba àpapọ̀ ń dúró fún, lẹ fi ra ilé, òfin ìjọba àpapọ̀ ò gbà kẹ́ ẹ fi ṣe ibùsùn àlejò tí kò pé 30 ọjọ́. Tẹ́ ẹ bá sì sọ fún báńkì pé ẹ̀yin lẹ máa gbé inú ẹ̀, ẹ gbé inú ẹ̀, irọ́ lórí fọ́ọ̀mù mọ́gééjì lè di ẹ̀sùn ọ̀daràn. Inṣọ́ránsì ilé lásán sábà máa ń kọ̀ láti sanwó tí àlejò tó ń sanwó bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹ pe aṣojú inṣọ́ránsì yín kẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún un, kó kọ ọ́ sínú ìwé.

Nípa aládùúgbò, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ̀hónú tó ń dé 311, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń fẹjọ́ sun sítì ní Houston, kì í sábà jẹ́ nǹkan ńlá, ó máa ń jẹ́ mọ́tò tó dí ẹnu ọ̀nà onílé, tàbí àpò ìdọ̀tí tó wà níta láti ọjọ́ Friday di Tuesday. Kí àlejò àkọ́kọ́ tó dé, ẹ lọ kí ilé ọ̀tún àti ilé òsì, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà fóònù yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pè yín. Ẹ kọ iye mọ́tò tí àlejò lè gbé wá sára ilẹ̀kùn nínú ilé. Mo gbà pé ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tó fi òógùn ojú ra ilé, mo tún gbà pé ìyá àgbà tó ti ń gbé ibẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún ní ẹ̀tọ́ láti sùn.

Ìmọ̀ràn tí mo máa ń fún gbogbo ẹni tó bá bi mí ni pé kí wọ́n ṣe ìṣirò ilé náà bí ẹni pé shortlet ò sí rárá. Bí rẹ́ǹtì oṣooṣù lásán ò bá lè san mọ́gééjì, táàsì ilé àti inṣọ́ránsì, ẹ má rà á, torí ìbò council kan tàbí ìbò HOA kan ló kù kí owó yín jóná. Ẹ sì wo ọ̀nà àárín: àlejò tó bá máa lo 30 ọjọ́ sókè lábẹ́ ìwé àdéhùn ti kúrò lábẹ́ òfin shortlet Houston, kò sì ní san táàsì hòtẹ́ẹ̀lì. Àwọn travel nurse tó ń wá ṣiṣẹ́ ní Texas Medical Center máa ń fẹ́ ilé tí wọ́n ti kó àga sí fún ọ̀sẹ̀ 13, àwọn ìdílé tí ẹnì kan ń gba ìtọ́jú kánsà náà ń wá a. Owó alẹ́ kan kéré sí ti shortlet, àmọ́ ẹ ò ní máa fọ bẹ́ẹ̀dì lójoojúmọ́, èèyàn ò sì ní fi pátì jí àdúgbò.

Tí certificate bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ má dákẹ́ sílé. Ilé aṣòfin Texas ń jókòó ní Austin ní January ọdún tí kì í ṣe even number, fún 140 ọjọ́, 2027 ló ń bọ̀, ẹ retí pé àbádòfin shortlet lè tún yọjú níbẹ̀, bóyá láti ran sítì lọ́wọ́ tàbí láti gba agbára ẹ̀. Ẹ mọ orúkọ aṣòfin agbègbè yín, ẹ kọ ìméèlì sí i. Council Houston ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aráàlú ní ọ̀sán Tuesday, èèyàn máa forúkọ sílẹ̀ ṣáájú, àsìkò tí wọ́n ń fúnni kì í pọ̀, torí náà ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú nọ́ńbà certificate yín àti rìsíìtì táàsì tẹ́ ẹ ti san dání.